Ìwé Àpápá, Ìwé Kútọnu: Bí Ìrẹsì Òkèèrè Ṣe Gba Ìkòkò Wa

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbí, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrẹsì tí Nàìjíríà ń rà láti òkè òkun: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe di nǹkan ńlá, àti ìdí tí òfin lórí òfin kò fi rí i dá dúró. Mi ò ní fi nọ́ńbà sú yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi mélòó kan bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a gba òmìnira, ìrẹsì tí ọmọ Nàìjíríà kan ń jẹ lọ́dún kò ju nǹkan bíi kílò 3 lọ. Lónìí, ó ti lé ní kílò 30. Àwa tí a tó mílíọ̀nù 45 nígbà yẹn sì ti lé ní mílíọ̀nù 220 báyìí. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ohun tó ń bọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè nígbà yẹn kò tó tọ́ọ̀nù 150,000. Èyí tí à ń jẹ báyìí ti ń lọ sí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 7 lọ́dún. Oúnjẹ wo ló tún fò báyẹn lójú ayé ẹnì kan ṣoṣo? Kì í ṣe gààrí, kì í ṣe iṣu. Bóyá búrẹ́dì nìkan ló lè bá a du ipò náà, ìyẹn sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Kí ẹ lè mọ ibi tí mò ń lọ, ohun tí mo wá sọ rèé. Lójú tèmi, nǹkan méjì ló ń pinnu iye ìrẹsì òkèèrè tí à ń jẹ: bí náírà ṣe lágbára tó, àti ohun tí ojú ìrẹsì tiwa ń rí láti oko dé inú ìkòkò. Òfin bodè kì í sábàá dín in kù. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé ló máa ń yí padà, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ìrẹsì kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Áfíríkà. Oríṣi kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an. Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ní Mali, níbi tí odò Ọya ti ń tàn ká ilẹ̀, ló sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Èyí tó wá láti Éṣíà dé lẹ́yìn rẹ̀, òun ló sì gba oko lónìí. Ní tiwa níbí, Ọ̀fàdà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ìgbẹ́mọ ní Èkìtì ló lórúkọ. Lókè Ọya, Bida. Ní ilẹ̀ Ìgbò, Abakaliki. Kí a tó gba òmìnira ni ìjọba ti dá ibùdó ìwádìí ìrẹsì sílẹ̀ ní Badeggi lẹ́bàá Bida, ibẹ̀ ni àwọn irúgbìn tí wọ́n ń pè ní FARO ti ń jáde títí dòní. Nítorí náà, kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n gbìn.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọdún ni. Kérésì, Iléyá, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí wọ́n bá fẹ́ sè é lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọmọ á ti gbọ́ láti Sátidé. Èyí tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé ó wọlé láti òkè òkun láwọn ọdún 1960 kì í ju tọ́ọ̀nù ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ lọ́dún, ohun tí ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo lè gbé.

Epo rọ̀bì ló yí i padà. Owó epo fò sókè ní ìparí 1973. Ní 1975, owó Udoji, àfikún owó oṣù ńlá, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Náírà kan ń ra ju dọ́là kan lọ. Ẹni tó bá ní náírà lọ́wọ́ nígbà náà, gbogbo ọjà ayé ló pọ́ọ́kú lójú rẹ̀, ìrẹsì sì wà lára wọn. Nígbà tó fi di 1977, èyí tó ń wọlé ti kọjá tọ́ọ̀nù 400,000 lọ́dún. Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá: ìrẹsì bíbọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n sè díẹ̀ kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀, hóró gígùn, tí kò ní òkúta. Ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún láàárín wa mọ ìrẹsì Uncle Ben's dáadáa.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀lẹ ló sọ àwọn ìyá wa di oníìrẹsì. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìgbà yẹn náà ni àwọn èèyàn ń wọ́ wá sí ìlú ńlá. Ẹni tó máa gún iyán ní láti bẹ iṣu, kó sè é, kó gún un. Ó nílò odó, ó nílò ààyè, ó nílò ẹni tó máa bá a gbé ọmọ odó. Nínú yàrá kan ní Múṣin tàbí Agége, lórí sítóòfù kẹrosíìnì, ìrẹsì á ti jinná kí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé tó wẹ̀ tán. Ó ṣeé fi pamọ́. Ó ṣeé wọ̀n ní kóńgò fún ẹni tí kò lówó àpò. Olóúnjẹ tó ń tà lẹ́bàá ilé iṣẹ́ lè fi ìkòkò kan bọ́ ọgọ́ta èèyàn. Ẹni tó bá ń retí pé kí èèyàn padà sí iyán ní aago méje alẹ́ nítorí ìfẹ́ ìlú, kò tíì dáná rí ni.

Àwọn ìjọba rí ohun tó ń bọ̀. Ọbásanjọ́, nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba ológun, gbé ètò ọ̀gbìn Operation Feed the Nation dìde ní 1976. Shagari tẹ̀ lé e pẹ̀lú Green Revolution ní 1980. Ariwo pọ̀ lórí rédíò, ìrẹsì sì ń wọlé sí i. Láyé Shagari, ìwé àṣẹ láti kó ìrẹsì wọlé di ọjà fúnra rẹ̀: ẹni tó bá rí i gbà kò tiẹ̀ ní láti fojú kan ìrẹsì, ó kàn lè tà á fún ẹlòmíràn. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ààrẹ kan kalẹ̀ lórí ìrẹsì, Umaru Dikko tó jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ẹ ó rántí pé òun náà ni wọ́n fẹ́ fi àpótí igi gbé wálé láti London ní oṣù Keje 1984, tí wọ́n fi já a gbà ní pápákọ̀ òfurufú Stansted. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ohun tó kù fún àwọn aráàlú ni ẹsẹ́ńkò, ọjà kòṣeémánìí tí wọ́n ń pín díẹ̀díẹ̀, àti ìlà gígùn.

Ní oṣù Kẹwàá 1985, Babangida fòfin de kíkó ìrẹsì wọlé. Òfin náà wà nílẹ̀ títí di 1995. Bí ẹ bá ṣí ìwé aṣọ́bodè Àpápá láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, ẹ ó rò pé ọmọ Nàìjíríà ti jáwọ́ nínú ìrẹsì òkèèrè. Òótọ́ ni pé àwọn àgbẹ̀ wa gbìn ín sí i. Ohun tí wọ́n ń kórè fẹ́ẹ̀ di ìlọ́po méjì. Àwọn tó fẹ́ràn òfin máa ń fi èyí jẹ́rìí, pé ẹ̀yin ẹ wò ó, ó ṣiṣẹ́.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní 1986 ni SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, dé. Náírà tí kò kéré sí dọ́là ní 1985 di bíi mẹ́rin sí dọ́là kan láàárín ọdún méjì, kò sì yéé já wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Ká tilẹ̀ ní kò sí òfin kankan, ìrẹsì òkèèrè ì bá ti wọ́n. Ó wọ́n fún ẹni tó rà á ní gbangba, ó sì wọ́n fún ẹni tó gbé e gba ẹ̀bùrú. Ìyẹn ló jẹ́ kí àgbẹ̀ wa mí. Àti pé, nígbà gbogbo tí òfin wà nílẹ̀ yẹn, ìgbà wo ni ẹ dé ọjà tí ẹ kò rí ìrẹsì òkèèrè rà?

Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1995, owó bodè ni wọ́n fi rọ́pò òfin. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dé àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó dé ọgọ́rùn-ún, ó tún kọjá bẹ́ẹ̀, bí ìjọba kan ti ń lọ tí òmíràn ń dé. Thailand gba ipò Amẹ́ríkà, India wá bá a du ú. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ kàn fi sọ́kàn pé ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìbó-ìrẹsì tó máa lò fún ọdún mẹ́wàá kò mọ ohun tí owó bodè yóò jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ló máa sún un dé ibi tó máa yá owó ní báńkì?

Ọdún 2008 ló yẹ kó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. India àti Vietnam ní àwọn kò ní jẹ́ kí ìrẹsì jáde mọ́, àwọn èèyàn tiwọn ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹun. Tọ́ọ̀nù ìrẹsì Thailand kan tí kò tó 400 dọ́là ní oṣù Kìíní ti ń lọ sí 1,000 dọ́là nígbà tó fi di oṣù Karùn-ún. Yar'Adua yọ owó bodè kúrò fún oṣù díẹ̀, ìjọba sì kéde pé òun yóò fi ₦80 bílíọ̀nù ra tọ́ọ̀nù 500,000. Orílẹ̀-èdè tó ti ń pariwo láti 1976 pé òun máa bọ́ ara òun! Nígbà tó fi di 2012, ìrẹsì tó ń wọlé ti kọjá mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 3, kò sì sí orílẹ̀-èdè kankan ní Áfíríkà tó ń rà tó wa.

Ibí ni mo ti fẹ́ ká dúró dáadáa, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló fi ohun tí mò ń sọ hàn kedere.

Láyé Jonathan, Akinwumi Adesina di mínísítà ètò ọ̀gbìn ní 2011. Ó ṣe ohun tó dára: ó gba ajílẹ̀ àti irúgbìn lọ́wọ́ àwọn alágbàtà, ó sì ń fi ìsọfúnni orí fóònù ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ kó lè lọ gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní 2013, owó bodè lórí ìrẹsì tí wọ́n ti bó di 110 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ₦4,000 ni àpò kan ná ẹni tó kó o dé Àpápá. Owó bodè nìkan, ₦4,400. Lẹ́yìn ògiri lọ́dọ̀ àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin, owó tí wọ́n ń gbà kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ oníṣòwò. Kí lẹ máa ṣe?

Kútọnu ni ìrẹsì lọ. Ọkọ̀ ńlá á gbé e láti èbúté ibẹ̀ dé àwọn ilé ìkẹ́rùsí lẹ́bàá bodè. Láti ibẹ̀, ọ̀kadà ni. Wọ́n á to àpò bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n á dì í mọ́ ọ̀kadà náà gírígírí, ẹni tó ń gùn ún á fẹ́ẹ̀ jókòó lórí táǹkì epo. Wọ́n á gba ọ̀nà igbó lápá Ìdìròkò, Ìmẹ̀kọ, Ṣakí, ní òru, láìtan iná. Àwọn tó ń fi mọ́tò gbé e náà wà: ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ti tú gbogbo àga inú rẹ̀ kúrò, tí ìrẹsì wà nínú búùtù, nínú ilẹ̀kùn, níbi tí táyà àfipamọ́ yẹ kó wà. Iṣẹ́ fàyàwọ́ le, ẹ̀mí ń lọ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ń kú lójú ọ̀nà yẹn, àwọn aṣọ́bodè náà ń kú. Ẹ má sì rò pé àjèjì ló ń ṣe é. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Ìmẹ̀kọ tó ní àbúrò ní Kétu kò ka ìlà tí òyìnbó fà sí ohun tó lè ya òun àti ẹbí òun nípá.

Ní oṣù Kẹfà 2015, Báńkì Àpapọ̀, CBN, ní òun kò ní ta dọ́là mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ohun 41 kan láti òkè òkun. Ìrẹsì wà lára wọn. Ní 2016, àwọn aṣọ́bodè fòfin de gbígbé ìrẹsì gba orí ilẹ̀ wọlé pátápátá. Ìwé Àpápá gbẹ. Ìrẹsì tí wọ́n kọ síbẹ̀ fẹ́ẹ̀ má sí mọ́, àwọn olóyè ìjọba sì ń fi ìwé náà han gbogbo ayé pé ẹ wò ó, a ti ṣẹ́gun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé Kútọnu. Ní 2017, Benin ra ìrẹsì Thailand tó bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 1.8, kò sí orílẹ̀-èdè kankan láyé tó rà tó o lọ́wọ́ Thailand lọ́dún náà. Gbogbo ará Benin nígbà yẹn, bíi mílíọ̀nù 11 ni. Bí ẹ bá pín in fún wọn, tó fi mọ́ ọmọ ọwọ́ tí kò tíì hu eyín, ẹnì kọ̀ọ̀kan á jẹ ju kílò 150 lọ, kílò 30 àti díẹ̀ sì ni tiwa, àwa tí a ní a fẹ́ràn ìrẹsì. Èyí tó wá pani lẹ́rìn-ín ni pé ìrẹsì bíbọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará Benin fúnra wọn, ìrẹsì funfun tí a kò bọ̀ ni wọ́n ń jẹ jù. Àwa la mọ̀ tó ń jẹ bíbọ̀.

Èmi ò sọ pé ìjọba Buhari kò ṣe nǹkan kan. Ní oṣù Kọkànlá 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Anchor Borrowers ní Kebbi, owó àyálò fún àgbẹ̀ ní èlé mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Èkó àti Kebbi para pọ̀ ta ìrẹsì LAKE nígbà ọdún Kérésì, ₦12,000 fún àpò kílò 50, àwọn èèyàn tò fún un. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bó ìrẹsì pọ̀ sí i ní Kebbi àti Kano. Mo rí àwọn àgbẹ̀ tó kọ́lé nínú owó ọdún wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí CBN fi máa sọ pé òun ti yá àgbẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 4 ní owó tó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà, àwọn tó san án padà kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ, àpótí ìrẹsì wa kò sì kún tó iye yẹn.

Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n ti bodè orí ilẹ̀ pa. Kì í ṣe fún ìrẹsì nìkan, fún gbogbo ọjà. Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ló fi wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i díẹ̀díẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2020. Ìdìròkò kò rí ìṣí títí di 2022. Ìrẹsì gbówó lérí, tòkèèrè àti ti ìbílẹ̀. Ní ọjà, ìrẹsì Thailand wá ń wọ aṣọ Nàìjíríà: wọ́n á da ìrẹsì òkèèrè sínú àpò tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ wa sí. Ẹ rántí pé ní ọdún mélòó kan ṣáájú, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń da tiwa sínú àpò òkèèrè kó lè tà. Mo ka ìyẹn sí ìlọsíwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlọsíwájú tó ń pani lẹ́rìn-ín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ oko. Ìrẹsì tí a bá gé ní láti kúrò lára koríko rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ti ń lù ú: wọ́n á gbá ìdì rẹ̀ mú, wọ́n á fi na igi tàbí àgbá, hóró á fọ́n ká, wọ́n á gbálẹ̀ kó o jọ. Ìgbálẹ̀ kò mọ hóró yàtọ̀ sí òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n á tún lọ sá a sí etí títì, níbi tí ewúrẹ́ àti táyà ọkọ̀ ti ń kọjá lórí rẹ̀. Òkúta tó ń kán eyín wa kò hù pẹ̀lú ìrẹsì. Tàpólì kan tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lù ú ì bá ti dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ dúró.

Bíbọ̀ ló tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á sè é díẹ̀ pẹ̀lú èèpo, wọ́n á sá a. Iṣẹ́ obìnrin ni ní ọ̀pọ̀ ìlú, pẹ̀lú àgbá, igi ìdáná àti èéfín. Bó bá pẹ́ jù nínú omi, ó ń rùn. Bí iná bá pọ̀ jù, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú. Bí wọ́n bá sá a nínú oòrùn tó mú jù, hóró á sán, ẹ̀rọ á sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń bó o. Bí oríṣi mẹ́ta bá sì dàpọ̀ nínú àpò kan nítorí pé àgbẹ̀ mẹ́ta ló dà á pọ̀, ọ̀kan á ti jinná kí èkejì tó rọ̀. Ìyá tó bá se irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún àlejò, kò ní ṣe é mọ́. Èyí ni ìrẹsì òkèèrè fi lé tiwa kúrò nínú ìkòkò, kì í ṣe pé a kò nífẹ̀ẹ́ ilẹ̀ wa.

Ọ̀fàdà nìkan ló rí ọgbọ́n dá sí i. Òórùn rẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé rírẹ fún ọjọ́ mélòó kan ló bí i, ohun náà ni wọ́n ń fowó ńlá wá báyìí lóde àríyá, nínú ewé, pẹ̀lú ata rẹ̀. Inú mi dùn fún àwọn tó ń gbìn ín. Ṣùgbọ́n oúnjẹ fàájì ni. Kò lè bọ́ Kano àti Èkó.

Àwọn ìjọba mọ̀ pé lẹ́yìn ìkórè ni ìyọnu wà. Ohun tí wọ́n wá ṣe sí i ni pé wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ẹ wo ti Ìmọ̀ta ní Ìkòròdú, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2023. Ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Wọ́n ní yóò máa mú àpò kílò 50 tó tó mílíọ̀nù 2.8 jáde lọ́dún. Ẹ̀rọ tó dára ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ gbé bírò. Àpò mílíọ̀nù 2.8 jẹ́ tọ́ọ̀nù 140,000 ìrẹsì tí wọ́n ti bó. Nínú tọ́ọ̀nù ìrẹsì eléèpo kan, bí ẹ̀rọ bá dára, nǹkan bíi kílò 650 lèèyàn ń rí. Nítorí náà, ẹ̀rọ yẹn nílò ìrẹsì eléèpo tó lé ní tọ́ọ̀nù 215,000. Àgbẹ̀ wa ń kórè bíi tọ́ọ̀nù 2 lórí hẹ́kítà kan; ní ọ̀pọ̀ ibi ní Éṣíà, ìlọ́po méjì ìyẹn ni, ó tún lé. Hẹ́kítà tó lé ní 100,000 ni ẹ ó wá gbìn kí ẹ̀rọ kan tó yó. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, tilé-tomi, kò tó hẹ́kítà 360,000. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lẹ ó wá fi ṣe oko ìrẹsì, ẹ ó wó Ìkẹjà, ẹ ó wó Súrùlérè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láti òkè Ọya ni ọkọ̀ á ti máa gbé ìrẹsì eléèpo bọ̀, èèpo tí a ó dà nù náà á sì wà nínú owó ọkọ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Òkè Ọya tí ìrẹsì ti ń wá náà kò fararọ. Ní oṣù Kọkànlá 2020, àwọn agbébọn pa àgbẹ̀ tó lé ní ogójì lẹ́bàá Zabarmari ní Borno, ìrẹsì ni wọ́n ń gé lọ́wọ́ nínú oko. Ní 2022, omi gba ilẹ̀, ó pa èèyàn tó lé ní 600 káàkiri orílẹ̀-èdè, ó sì gbé oko ìrẹsì lọ ní etí odò Ọya àti Benue nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ní owó àyálò lọ́rùn nínú wọn, kí ni wọ́n máa fi san án?

Lẹ́yìn náà ni náírà tún ṣe ohun tó ṣe ní 1986. Ní oṣù Kẹfà 2023, wọ́n tú u sílẹ̀. Láti bíi ₦460 sí dọ́là kan, ó dé bíi ₦1,500 nígbà tó fi di 2024. Ní oṣù Kẹwàá 2023, CBN yọ ìdíwọ́ 2015 yẹn kúrò lórí ìrẹsì àti àwọn ohun yòókù. Ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n máa fi wọlé kò sí. Epo dísẹ́ẹ̀lì, ajílẹ̀ àti owó ọkọ̀ gun òkè pẹ̀lú dọ́là, nítorí náà ìrẹsì tiwa kò pọ́ọ́kú ju tòkèèrè lọ mọ́. Àpò tó jẹ́ bíi ₦10,000 ní 2015 kọjá ₦100,000 láwọn ọjà kan ní ìparí 2024. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìjọba kéde àádọ́jọ ọjọ́ tí wọn kò ní gba owó bodè lórí ìrẹsì tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì fá di funfun. Ní 2025, owó ìrẹsì wálẹ̀. Ará ọjà dúpẹ́, àwọn àgbẹ̀ sì figbe bọnu, pé ohun tí àwọn ná sórí ajílẹ̀ ju ohun tí wọ́n ń san fún àwọn lórí ìrẹsì eléèpo lọ. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́.

Ibẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ mi sí lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan wá bi mí léèrè pé ṣé kí wọ́n ti bodè padà ni, àbí kí wọ́n ṣí i gbayawu. Mo ní kí wọ́n mú owó bodè kan tí fàyàwọ́ kò ní lè jèrè lórí rẹ̀, bíi ogún tàbí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá dè é mọ́lẹ̀, kí mínísítà kankan má fọwọ́ kàn án. Kí owó tó bá ti ibẹ̀ wọlé di tàpólì, ẹ̀rọ tó ń yọ òkúta, àti àgbá ìbọ̀rẹsì tó mọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń bọ̀ ọ́. Ó ní ìyẹn kéré jù fún ìjọba láti ṣe, kò sí ibi tí wọ́n máa gé tẹ́ẹ́pù sí níbẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí mo lè fi jà á níyàn.

Ìyá kan tún dìde pé òun ní àkùrọ̀ lẹ́yìn ilé, omi kì í gbẹ níbẹ̀, ṣé kí òun gbin ìrẹsì sí i lọ́dún yìí? Mo bi wọ́n pé, "Màámi, níbo ni ẹ̀rọ tó ń yọ òkúta tó sún mọ́ yín jù wà?" Wọ́n ní àwọn kò mọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ wádìí ìyẹn kí wọ́n tó ra irúgbìn, kí wọ́n béèrè iye tó ń gbà lórí àpò kan àti oríṣi ìrẹsì tó ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bó bá ní FARO 44 ni òun ń gbà, kí wọ́n má gbin òmíràn mọ́ ọn.